Àyè Kò Sí: Ìrìn-àjò Ọdẹ́rìndé sí Ìlú Arántí

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ má jókòó sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí ó fẹ́ sá lọ, ìtàn ọdẹ kì í ṣe ohun tí a ń fi ìdí kan jókòó gbọ́. Adégbìtẹ́, ìwọ gan-an ni mo ń bá wí. Láti ìgbà tí o ti wọlé ni o ti ń mí kanlẹ̀. O ní kọ̀ǹpútà ńlá tí ó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn ní ibi iṣẹ́ yín ti kọ̀, kò ṣí mọ́, àfi kí ó máa kọ ọ́ sójú pé àyè kò sí. O tún ní tí ó bá di ọ̀la, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́ rẹ́ kí àyè lè wà. Mo gbọ́ ọ. Ta ni ó sọ fún yín pé ibi àkọsílẹ̀ ni àyè ti tán? Ẹ kò béèrè. Ẹ̀rọ ní àyè kò sí, ẹ sì gbà á gbọ́. Ìfura ni oògùn àgbà, àgbà tí kò bá fura, ojú rẹ̀ á rí màbo. Jókòó dáadáa kí n sọ ti Ọdẹ́rìndé fún ọ, kí o tó fi ọwọ́ ara rẹ ba nǹkan jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ni Ọdẹ́rìndé jẹ́ fún mi lẹ́nu iṣẹ́ ọdẹ. Èmi náà kì í ṣe ọdẹ eku o. Mo ti bá ẹkùn du ẹran kan rí, ẹkùn ni ó wo ojú mi tí ó fi ẹran sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń jiyàn, kí ó lọ bi ẹkùn. Ṣùgbọ́n tí a bá ń sọ ti ìfura, ọmọ ọwọ́ ni mo jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí o bá kí ọkùnrin náà pé ẹ kú àárọ̀, yóò kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run kí ó tó dá ọ lóhùn. Bí ẹyẹ bá fò kọjá lórí rẹ̀, yóò dúró bi ara rẹ̀ pé ta ni ó lé e. Àwọn ará Àgọ́-Ìsàlẹ̀ tí a ti jọ dàgbà sọ ọ́ ní Afurasójìji. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò fura sí láyé. Ó máa ń sọ pé òun lè sùn nílé nítorí pé Àwẹ̀ró wà níbẹ̀.

Ní ọdún kan, ìgbàgbé wọ ìlú wa. Díẹ̀díẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ń lọ sóko, ó dúró ní oríta, kò mọ ọ̀nà tí ó ti ń tọ̀ láti kékeré. Ìyá kan fẹ́ pe ọmọ rẹ̀, orúkọ ajá ni ó jáde. A kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀rín. Nígbà tí ó wá kan Àwẹ̀ró, kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí òun ni ó mọ oríkì gbogbo agbo ilé. Bí ọmọ tuntun bá dé, òun ni wọ́n ń pè kí ó wá kì í. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ọdẹ́rìndé ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, ìyàwó rẹ̀ dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì kúnlẹ̀ kí i bí a ti ń kí àlejò.

“Ẹ káàbọ̀, bàbá,” ni ó wí. “Ta ni ẹ ń wá nílé wa?”

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọdẹ́rìndé wọ egungun. Ohun tí ó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé òun ti sú obìnrin náà, ó ń wá ọ̀nà àtilọ. Ó ṣọ́ ọ títí ọjọ́ fi rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé ọmọ jòjòló kan wá kí Àwẹ̀ró kì í, Àwẹ̀ró ya ẹnu, oríkì kò jáde. Ó tún ya ẹnu. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń fi ọwọ́ na ara rẹ̀ ní ẹnu bí ẹni pé ẹnu ni ó ṣẹ̀ ẹ́. Ìgbà náà ni Ọdẹ́rìndé mọ̀ pé kò díbọ́n, ó sì tọ àwọn ọdẹ àgbà lọ.

Wọ́n ní irú ìgbàgbé bẹ́ẹ̀, Ìlú Arántí ni ó ti ń wá. Ìlú iwin ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú ìrántí gbogbo ọmọ ènìyàn sínú igbá, kálukú pẹ̀lú igbá tirẹ̀, nínú àká ńlá kan. Bí àká náà bá tì, ènìyàn yóò gbàgbé nǹkan fún ìgbà díẹ̀, bí ó bá tún ṣí, yóò rántí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá da igbá ẹnìkan sódò, ó parí nìyẹn, olúwa rẹ̀ kò ní rántí mọ́ títí ayé. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé àká ti tì, wọ́n sì ti ń da igbá. Ọdẹ́rìndé kò dúró gbọ́ èyí tí ó kù. Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó fi ọ̀bẹ sí ìdí, ó di ọ̀nà igbó.

Ẹ má bi mí pé báwo ni ọ̀nà náà ṣe jìn tó. Ọ̀nà iwin kì í jìn, kì í sì í súnmọ́, bí ìwọ bá ṣe ní ìgboyà tó ni. Igbó tí ó kọ́kọ́ wọ̀ ni Igbó Òfófó, níbi tí gbogbo igi ti ní ẹnu, tí wọ́n ń fi ohùn ẹni tí o mọ̀ bá ọ sọ̀rọ̀. Igi kan fi ohùn ìyá rẹ̀ tí ó ti kú sọ fún un pé Àwẹ̀ró mọ̀ ọ́n dáadáa, pé ṣe ni ó ń díbọ́n. Òmíràn fi ohùn alágbẹ̀dẹ ìlú rẹ́rìn-ín, ó ní kí ó padà lọ wo ẹni tí ó jókòó sílé rẹ̀ báyìí. Ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ ọ́ lára. Ẹ mọ̀ pé ẹni tí ó ní egbò ní ẹsẹ̀, ibẹ̀ náà ni ẹ̀gún ń wá. Ọdẹ́rìndé dúró, ó yí padà, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sí ọ̀nà ilé.

Ibẹ̀ ni ìfura rẹ̀ ti gbà á. Ó bi ara rẹ̀ pé, àwọn igi yìí, kí ni wọ́n fẹ́? Ẹni tí ó ń sọ ohun tí a kò bi í, ó ní ohun tí ó ń wá. Ó gbé ojú sókè, ó sọ fún wọn pé òun kò gbà wọ́n gbọ́, àti pé bí òun yóò bá fura sí Àwẹ̀ró, òun yóò kọ́kọ́ fura sí ẹni tí ó mú ẹjọ́ rẹ̀ wá. Igi tí ó dàgbà jù láàárín wọn wá sọ pé kò burú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í ré àwọn kọjá láìjá àlọ́. Bí kò bá já a, èèpo ara igi ni yóò dà.

“Ọkọ ń lò mí, aya ń lò mí, ọmọ ń lò mí, kò sí ẹni tí ó ni mí,” ni igi náà wí. “Ọjọ́ tí ẹnì kan bá ní òun ni òun ni mí, ọjọ́ náà ni ìjà dé. Kí ni mí?”

Ẹ̀yin ì bá ti di èèpo. Ṣùgbọ́n agbo ilé tí wọ́n ti ń jà nítorí ibi tí a ó sá ẹ̀gbodò sí ni wọ́n ti tọ́ Ọdẹ́rìndé dàgbà. Ó ní àgbàlá ni. Ọ̀nà sì là.

Ó dé ẹnubodè Ìlú Arántí. Ẹ̀rọ ni gbogbo ìlú náà látòkè délẹ̀. Ògiri rẹ̀ irin ni, ilẹ̀ rẹ̀ ń kùn bí afárá oyin, àwọn iwin ibẹ̀ kò sì mọ ìrìn, eré ni wọ́n ń sá kiri. Oníbodè kan wà tí ojú rẹ̀ wà ní ìpàkọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí Ọdẹ́rìndé, ó sì ń wò ó. Ó na ẹní kan sí i, ẹní tẹ́ẹ́rẹ́ bí èyí tí a ń tẹ́ fún ẹni kan ṣoṣo. Ó ní kò sí ẹni tí ń dúró ní ìlú àwọn láìní ẹní, kí ó lọ tẹ́ ẹ sí Gbọ̀ngàn Àjọlò, kí ó sì gbé ìrántí ohun tí ó tìtorí rẹ̀ wá lé e lórí. Ọdẹ́rìndé gbọn ẹní náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò nídìí, kò rí nǹkan kan. Ó gbà á, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ẹ má baà máa wò mí bí òwìwí. Òṣìṣẹ́ pọ̀ nínú ìlú náà. Bí ẹnìkan nínú ayé bá fẹ́ rántí nǹkan, òṣìṣẹ́ kan yóò sáré lọ sí àká, yóò mú un wá. Kì í gbé e lọ sí yàrá tirẹ̀. Gbọ̀ngàn Àjọlò ni yóò gbé e sí, lórí ẹní, kí àwọn yòókù lè rí i, kí ẹlòmíràn má tún lọ fi ẹsẹ̀ gbó ọ̀nà àká nítorí ohun kan náà. Olórí wọn ni Ìyá Àká. Bí ìlú bá jí, òun ni yóò kọ́kọ́ tọrọ ẹní gbàràmù kan lọ́wọ́ Onílẹ̀, ẹni tí ó ni ilẹ̀ gbọ̀ngàn. Orí ẹní gbàràmù yìí ni gbogbo òṣìṣẹ́ yóò ti ṣiṣẹ́, yàtọ̀ sí ẹní tẹ́ẹ́rẹ́ tí kálukú ní. Bí Onílẹ̀ bá fún un, àká yóò ṣí. Bí kò bá fún un, gbogbo rẹ̀ yóò wà ní títì.

Ọdẹ́rìndé tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri gbọ̀ngàn. Kí ó tó jókòó sórí rẹ̀ tán, ìrántí Àwẹ̀ró ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọkàn rẹ̀ tò síbẹ̀. Bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín tí ó ń fi ọwọ́ bo eyín. Bí ó ṣe bú u ní etí odò ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, tí ó ní kí ó gbé ìbọn rẹ̀ kúrò lójú òun, ṣé òun jọ ẹtu ni. Bí ó ṣe jókòó tì í nígbà tí wọ́n sin àkọ́bí wọn, tí kò sọ̀rọ̀, tí ó kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ilẹ̀ fi mọ́. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń dán. Òṣìṣẹ́ kan wò ó, ó ní àwọn ti mọ obìnrin náà, igbá rẹ̀ ti wà létí odò.

Ọdẹ́rìndé ta kìjí. Ó sáré dé odò, ó bá àwọn aláàárù tí wọ́n to igbá sílẹ̀, èyí tí ó wúwo jù níwájú. Igbá Àwẹ̀ró wà níbẹ̀, ó kún dẹ́mú. Ọdẹ́rìndé kọjú ìbọn sí aláàárù tí ó ṣáájú, ẹni tí wọ́n ń pè ní Adàánù, ó pè é lólè. Adàánù kò tilẹ̀ gbọn ara.

“Olè a máa gbé e lọ sílé,” ni ó wí. “Odò ni èmi ń gbé e lọ. Wọ́n ní àyè kò sí, èyí tí ó wúwo ni a sì ń kọ́kọ́ dà. Bí oòrùn bá wọ̀ tí àká kò ṣí, ti obìnrin yìí ni ó kàn.”

Ọdẹ́rìndé ní kí wọ́n dúró. Adàánù ní Ìyá Àká nìkan ni ó lè dá àwọn dúró, Ìyá Àká kò sì lè dá ẹnikẹ́ni dúró bí kò bá tíì ṣílẹ̀kùn. Ó sọ ọ́ láìsí ìbínú kankan. Ọdẹ́rìndé wò ó títí, ó rí i pé aláàárù náà kò mọ̀ ju ohun tí wọ́n sọ fún un lọ. Adégbìtẹ́, ṣé o ń gbọ́?

Ó padà sí ìlú, ó gba ẹ̀yìn àká, ó fi ojú há ihò ògiri. Ó retí láti rí igbá lórí igbá títí dé àjà. Ohun tí ó rí ni pẹpẹ lórí pẹpẹ tí ó ṣófo. Ó pe orúkọ ara rẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì pẹ́ kí ohùn rẹ̀ tó padà. Ìlàjì àká kò tíì rí igbá rí láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Inú rẹ̀ wá gbóná gidigidi. Bí àyè bá pọ̀ tó báyìí, tí ẹnìkan sì ń sọ pé kò sí, a jẹ́ pé ẹni náà ń purọ́, ó sì ní ohun tí ó ń fi irọ́ náà bò. Ó fura sí Ìyá Àká.

Ó bá a ní ẹnu ọ̀nà àká. Obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn ni, ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ojú lè kà, ó jókòó, ó sùn. Ọdẹ́rìndé sá pamọ́ sí ẹ̀yìn òpó, ó ń ṣọ́ ọ. Kò pẹ́, Ìyá Àká jí, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó kúnlẹ̀, ó sọ bí ẹní tí òun ń tọrọ yóò ti gbòòrò tó. Ohùn kan jáde láti inú ilẹ̀, ó ní àyè kò sí. Ìyá Àká bú sẹ́kún, ó jókòó, oorun tún gbé e lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tún jí, ó tún kúnlẹ̀, ohùn kan náà ni ó gbọ́. Ẹni tí ń purọ́ kì í sunkún níbi tí kò rò pé ẹnikẹ́ni wà. Ọdẹ́rìndé jáde sí i, ó bi í pé àyè wo ni ó ní kò sí. Ìyá Àká wò ó bí ẹni tí ó tọ́ èèwọ̀ wò. Ó ní ní ìlú àwọn, a kì í bi Onílẹ̀ ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀kejì, ohun tí ó bá sọ ti tó. Bí ó ti ní àyè kò sí, àká ni àwọn rò pé ó ń bá wí, nítorí náà ni àwọn ṣe ní kí wọ́n máa da igbá.

Ẹ ò rí nǹkan. Ìtìjú láti bi ènìyàn ní ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ń sọ gbogbo ayé di agbàgbé.

Ọdẹ́rìndé kì í ṣe ọmọ ìlú wọn, èèwọ̀ wọn kò dè é. Ó wọ Gbọ̀ngàn Àjọlò, ó lọ sí àárín ilẹ̀, níbi tí Onílẹ̀ wà. Arúgbó ni, ilẹ̀ gbé e mì dé àyà, okùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ dì, kò sì là á. Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀, nítorí ìfura kò ní kí ènìyàn má bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ó bi í bóyá àká ni ó kún.

“N kò mọ àká,” ni Onílẹ̀ wí.

“Ṣé gbọ̀ngàn yìí ni ó kún, bàbá?”

“N kò wo gbọ̀ngàn. Okùn ni mo fi ń wọn ẹní. Bí gbogbo ẹní tí ó wà nílẹ̀ àti èyí tí a ń tọrọ bá ti gùn ju okùn yìí lọ, àyè kò sí.”

Ọdẹ́rìndé bi í pé ta ni ó gé okùn náà. Ó ní àwọn tí ó tẹ ìlú dó ni, nígbà tí òṣìṣẹ́ kò ju ìdílé kan lọ. Ó bi í bóyá a lè mú un gùn sí i. Ó ní a lè mú un gùn dáadáa, kò sí ẹni tí ó béèrè rí ni. Kí wọ́n so okùn tí ó gùn mọ́ òpó ẹnubodè, bí ìlú bá jí lọ́la, èyí tí òun bá bá níbẹ̀ ni òun yóò mú. Ṣùgbọ́n ti òní, okùn òní ni. Ọdẹ́rìndé wo ojú fèrèsé, oòrùn ti tẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn.

Ó sáré padà sọ́dọ̀ Ìyá Àká, ó ní kí ó dín ohun tí ó ń tọrọ kù. Ó wá hàn pé ẹní tí Ìyá Àká ń tọrọ, ti èrò tí kì í wá ni. Ó ń tọrọ àyè fún gbogbo òṣìṣẹ́ tí ó ní, àti èyí tí ó lè gbà, àti àlejò tí ó lè yà. Ó ní òun kò fẹ́ kí a gbọ́ pé òun tọrọ ẹní kékeré. Ọdẹ́rìndé bi í bóyá igbá tí wọ́n ń dà sódò kò tó ìtìjú. Ìyá Àká kúnlẹ̀, ó dín in kù. Àyè kò sí. Ó tún dín in kù, ó dín in títí ó fi ku èyí tí kò ṣeé dín mọ́, èyí tí ó jẹ́ pé bí ó bá kéré sí i, ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Àyè kò sí.

Ọdẹ́rìndé wá dúró láàárín gbọ̀ngàn, ó fi ojú ọdẹ wò ó káàkiri. Ó rí i pé ẹní pọ̀ ju ènìyàn lọ. Ọ̀pọ̀ ẹní wà tí kò sí ẹni tí ó jókòó lé e, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń yà fún un bí wọ́n bá ń sáré kọjá. Ó bi wọ́n, wọ́n sọ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní àrá sán lọ́jọ́ kan, ìlú ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ kan sì ṣubú kú lẹ́nu iṣẹ́ láìdágbére. Ẹní wọn nìyẹn. Ní ìlú àwọn, a kì í ká ẹní òkú tí kò dágbére, nítorí bóyá ó ń bọ̀. Gbogbo ènìyàn bọ̀wọ̀ fún òkú, Onílẹ̀ sì ń ka ẹní wọn mọ́ ti alààyè.

Ọdẹ́rìndé ní òun yóò ká a. Wọ́n sá fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹní àkọ́kọ́, ó fẹ́ fà á, ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kí ó dúró ná. Ẹni tí ó ti ṣọdẹ mọ̀ pé ibùsùn ẹran kò jọ ara wọn. Bí o bá bá ibi tí ẹran sùn, ẹ̀yìn ọwọ́ ni wàá fi kàn án. Bí ó bá tutù, ẹran ti lọ. Bí ó bá móoru, ó wà nítòsí, ó ń wò ọ́. Ọdẹ́rìndé fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹní náà, ó móoru. Kò pẹ́ tí òṣìṣẹ́ tín-ín-rín kan fi sáré dé, ó ní òun ni òun ni ín, òun yà sí ẹnubodè ni. Bí Ọdẹ́rìndé bá ti ká a, ohun tí ó wà lórí rẹ̀ ì bá ti ṣègbé.

Láti ibẹ̀, kò fi ọwọ́ yára mọ́. Ẹní kọ̀ọ̀kan ni ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn, tí ó dẹtí sí. Èyí tí ó bá tutù, yóò ní kí ẹni tí ó ni ín sùn re, yóò ká a. Àwọn òkú kò gbà fún un tìrọ̀rùn o. Ọwọ́ tí a kò rí di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, atẹ́gùn tutù ń tì í láyà, ohùn kan ń bi í létí pé bí ìyàwó rẹ̀ bá kú, ṣé ẹní tirẹ̀ náà ni yóò ká báyìí. Ó sunkún, ó ń ká a lọ. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti wọ ihò erè rí tí mo sì jáde, n kò mọ̀ bóyá mo lè ṣe èyí. Nígbà tí kò ku ẹní tútù kankan mọ́, ó pe Ìyá Àká kí ó tún tọrọ. Ohùn Onílẹ̀ pẹ́ kí ó tó dé. Àyè kò sí. Ọdẹ́rìndé wólẹ̀, ó bi í pé kí ni ó kù.

“Ẹní ènìyàn kan,” ni Onílẹ̀ wí.

Àwọn òṣìṣẹ́ kò lè ká ẹní tiwọn, iye wọn kò ṣeé dín mọ́. Ẹní kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti òṣìṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ó wà, ó móoru, Àwẹ̀ró sì wà lórí rẹ̀ tí ó ń rẹ́rìn-ín, tí ó fi ọwọ́ bo eyín. Ìyá Àká rí ibi tí Ọdẹ́rìndé ń wò, ó sì sọ òtítọ́ fún un. Ohun tí ó bá wà lórí ẹní tí a kò tíì gbé sínú àká, bí a bá ká ẹní náà, ó lọ nìyẹn. Ọdẹ́rìndé ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sínú àká. Ìyá Àká ní àká kò lè gba nǹkan bí kò bá ṣí, kò sì lè ṣí bí ẹní náà bá wà nílẹ̀.

Ìfura gbá a mú, irú èyí tí kò mú un rí. Ó fura pé Ìyá Àká ti pète rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó fura sí oníbodè tí ó fún un ní ẹní. Ó wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ẹni tí yóò yìnbọn fún, kò sí ẹni tí ó jẹ̀bi. Oòrùn ti fẹ́ kan odò. Ó jókòó sórí ẹní rẹ̀, ó wo ohun gbogbo tí ó wà níbẹ̀, ó wo etí odò, ó wo ọwọ́ tí ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó sọ fún Ìyá Àká pé bí òun bá gbàgbé Àwẹ̀ró, ènìyàn kan ni ó gbàgbé ènìyàn kan. Bí Àwẹ̀ró bá gbàgbé, gbogbo agbo ilé ni kò ní mọ orúkọ ara wọn mọ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó kúnlẹ̀, ó ká ẹní náà láti ẹsẹ̀ dé orí. Ó ká a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ń ká aṣọ ọmọ.

Ìyá Àká tọrọ. Onílẹ̀ ní kí ó gbà. Ẹní gbàràmù náà tẹ́, ilẹ̀kùn àká ṣí gbàgà, ohùn Ìyá Àká sì dún dé odò pé kí wọ́n dúró. Adàánù ti gbé igbá Àwẹ̀ró sókè, ó ti tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó sì gbé e padà wá sí àká pẹ̀lú àwọn yòókù. Ọdẹ́rìndé dúró ní gbọ̀ngàn, ó mọ̀ pé ohun kan dára, kò mọ ohun tí ó dára. Kí ó tó kúrò, ó rí i pé wọ́n so okùn gígùn mọ́ òpó ẹnubodè, ó sì fa kókó rẹ̀ wò bóyá ó le. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kì í dúró di ọjọ́ kejì.

Nígbà tí ó dé ilé, ìlú ti kún fún ariwo ayọ̀. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà oko ti dé oko, ìyá ti ń pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ, oríkì sì ń dún ní agbo ilé wa. Àwẹ̀ró rí i lókèèrè. Ó sá pàdé rẹ̀, ó ń kì í, ó ń sunkún. Ọdẹ́rìndé tẹ̀ sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ kan ìbọn rẹ̀.

“Ìyá,” ni ó wí, “ta ni ó sọ orúkọ mi fún yín?”

Ojú mi ni ó ṣe. Àwẹ̀ró dúró bí ẹni tí a da omi tútù lé lójú. Ó wò ó, ó wò ó, ó sì yé e. A ti sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ lọ sí Arántí, kò sì ní òye kékeré. Kò pariwo, kò bẹ̀ ẹ́ pé kí ó rántí òun. Ó sọ fún un pé ilé yìí ni ilé rẹ̀, kí ó wọlé wá jẹun. Ọdẹ́rìndé jókòó, ìbọn wà lórí itan rẹ̀. Ó sọ gbogbo ìrìn-àjò náà fún wa, ti igi, ti odò, ti Onílẹ̀, kò fo ìkankan àfi ibi tí Àwẹ̀ró bá wà, àwa ni a fi òye dí i. Nígbà tí a bi í pé kí ni ó bá lọ, ó ronú títí, ó ní òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n ó ní láti jẹ́ nǹkan pàtàkì. Àwẹ̀ró yí ojú sí ògiri.

Ó gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wá fún un. Ọdẹ́rìndé wo abọ́ náà, ó wo obìnrin náà, kò fi ọwọ́ kàn án. Àwẹ̀ró kò dúró kí ó sọ̀rọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó bù nínú iyán, ó fi kan ọbẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì kí ó rí i. Ó tún bù láti apá kejì abọ́, ó jẹ ẹ́. Ó mu nínú omi rẹ̀. Ó já ẹran kékeré kan, ó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó nu ọwọ́, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó ń dúró, bí ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn láyé.

Ọdẹ́rìndé wò ó pẹ́. Ó gbé ìbọn kúrò lórí itan, ó fi ti ògiri.

“N kò mọ̀ yín,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè mú sùúrù fún ìfura mi tó báyìí, ó ti mọ̀ mí tipẹ́.”

Ó fa abọ́ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ibẹ̀ ni mo fi wọ́n sílẹ̀ sí kí n tó wá bá yín.